Ìṣẹ́jú Mẹ́fà Lórí Bátìrì Keje

Kí Awòfín tó fìdí kan àga ni ọkùnrin náà ti jẹ́wọ́.

"Èmi ni mo jẹ̀bi," ló wí. "Mo gbàgbé ni, mi ò fi bátìrì náà síná. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ẹ máa gbé mi lọ sí kóòtù."

Inú Sájẹ́ǹtì tó dúró sẹ́nu ọ̀nà dùn débi pé ó ti ń wá bírò. Ọ̀gá àgbà ti sọ pé aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an ni ẹjọ́ náà gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́, aago mẹ́jọ àárọ̀ sì ti kọjá. Ta ni kò fẹ́ iṣẹ́ tó bá parí ara rẹ̀? Àmọ́ Awòfín ò fọwọ́ kan ìwé. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí obìnrin yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí pé kì í wo nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó gbójú kúrò. Lójú tirẹ̀, bí bàtà ni ìjẹ́wọ́ rí. Èyí tó bá tètè yọ́ wọ ẹsẹ̀ jù, ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n rán an fún.

Baba Oníbátìrì ni gbogbo ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa bàlúù kékeré ń pe ọkùnrin tó jókòó síwájú rẹ̀. Bàlúù wọn ò ju kí èèyàn na apá méjèèjì lọ ní fífẹ̀. Bátìrì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ imú rẹ̀, rìmóòtù ni wọ́n sì fi ń darí rẹ̀ láti ilẹ̀. Iṣẹ́ Baba ni pé kí agbára bátìrì má ṣe já ẹnikẹ́ni kulẹ̀ lójú òfuurufú. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, níbi ìdíje ọdún, ọmọbìnrin rẹ̀ tí inagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Àṣá ló di rìmóòtù mú nígbà tí agbára tán lára bàlúù. Bàlúù náà já lu ọkùnrin tó ń ka ìṣẹ́jú nídìí tábìlì, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì bá a lójú ọ̀tún. Dókítà ní ojú náà ti lọ. Ìyàwó rẹ̀ fẹjọ́ sùn, ọlọ́pàá gbé Baba, tí adájọ́ bá sì gbà pé àìbìkítà rẹ̀ ló fọ́ ojú olójú, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é.

"Baba, ẹ ní kò gbaná rárá?" Awòfín bi í.

"Rárá."

"Kò gbaná, ó wá gbé bàlúù kúrò nílẹ̀, ó tún fi ìṣẹ́jú mẹ́fà fò?"

 Awòfín ṣí ìwé ìdíje síwájú Baba. Òfin ẹgbẹ́ ni pé kí bàlúù tó gbéra, ẹni tó fẹ́ wà á gbọ́dọ̀ gbé bátìrì wá sídìí tábìlì, kí ẹni tó ń ka ìṣẹ́jú fi mítà wọ̀n ọ́n. Ọkùnrin tí ojú rẹ̀ fọ́ náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà pé Bátìrì Keje kún dẹ́nu.

"Ta ló bá yín kún un?" ló béèrè. "Àbí òjò ló rọ̀ sí i?"

Baba ò rẹ́rìn-ín. Ó wolẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò kan ra èkejì. Awòfín ti rí òpùrọ́ tó pọ̀ láyé rẹ̀. Ẹni tó ń purọ́ láti gba ara rẹ̀ là máa ń wojú èèyàn, kó lè mọ̀ bóyá irọ́ rẹ̀ ń tà. Ẹni tó bá ń wolẹ̀ báyìí, ẹlòmíì ló ń bò. Ó dìde, ó ní kí Sájẹ́ǹtì fún Baba lómi mu, kó sì má tíì kọ nǹkankan.

*

Láti aago mẹ́fà ni Àṣá ti wà lórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgọ́ ọlọ́pàá. Ọmọ ogún ọdún ni, ẹkún sì ti mú kí ojú rẹ̀ wú. Kí wọ́n tó kíra tán, òun náà ti jẹ́wọ́. Ó ní bàbá òun ò mọ nǹkankan nípa rẹ̀, òun lòun tẹ rìmóòtù jù tí agbára bátìrì fi tètè tán.

"Ìjẹ́wọ́ mà ti pọ̀ lọ́jà láàárọ̀ yìí o," Awòfín wí, ó sì jókòó tì í.

Ó mú fóònù rẹ̀ jáde. Ọ̀kan lára àwọn òǹwòran ti ya fídíò ọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Awòfín sì ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ìdíje náà kì í ṣe ti eré sísá. Ẹni tí bàlúù rẹ̀ bá pẹ́ jù lókè láìjẹ́ pé ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà ló gbégbá orókè. Nínú fídíò náà, bàlúù Àṣá ń lọ geere, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Síbẹ̀ láti ìṣẹ́jú kejì ni ohùn ẹ́ńjìnnì ti ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ọmọbìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra tọ́jú ìwọ̀nba agbára tó kù, bí ìgbà téèyàn ń gbé aláìsàn délé. Tó bá jẹ́ pé ó tẹ rìmóòtù jù ni, bàlúù ì bá kọ́kọ́ ta bí ọfà ná kó tó rẹ̀ ẹ́.

"Jẹ́ ká ju irọ́ yẹn nù," ni Awòfín wí. "Kí ló dé tó o fẹ́ kú dípò bàbá ẹ?"

Omi tún bọ́ lójú Àṣá. Ó ní láti ọdún tó kọjá ni ojú bàbá òun ti ń ṣe bàìbàì, ó sì ń fi pamọ́ fún ẹgbẹ́. Òun rò pé ṣe ló ka mítà sódì. Ohun tó mú kí bàbá náà jẹ́wọ́ kò sì ṣòro fún un láti mọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, òun bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun fi Keje dánra wò, ó kọ̀. Ó dájú pé ó rò pé òun yọ́ kẹ́lẹ́ gbé e jáde, tí òun sì ba agbára rẹ̀ jẹ́.

Awòfín mí kanlẹ̀. Ìfẹ́ kún ilé àwọn èèyàn yìí, irọ́ ni ò jẹ́ kí ìfẹ́ náà rọ́nà mí.

"Láti ilé títí bàlúù fi gbéra, ta ló di bátìrì náà mú?"

"Èmi nìkan, mà. Mo fi súwẹ́tà wé e kí òtútù má bàa mú un, torí bátìrì tí òtútù bá mú, agbára rẹ̀ kì í délé. Ìgbà tí mo gbé e fún Bàbá Mọ́kànlá nìkan ló kúrò lọ́wọ́ mi, tí wọ́n fẹ́ wọ̀n ọ́n."

"O dúró tì wọ́n?"

"Wọ́n ní kí n lọ gbé bàlúù wá. Kò tó ìṣẹ́jú méjì." Ó nu imú. "Ọwọ́ mi yìí ló fọ́ ojú wọn, mà. Àtikékeré ni wọ́n ti ń kọ́ mi. Mi ò tún ní di rìmóòtù mú mọ́ láyé mi."

Bàbá Mọ́kànlá tó ń sọ yìí ni ọkùnrin tó wà ní ọsibítù, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ bàbá rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn ló fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko mú bàlúù dúró lókè tí ohùn rẹ̀ ò yí padà. Kò sẹ́ni tó tíì ṣe irú rẹ̀ rí, ohun tó sì sọ ọ́ di Mọ́kànlá nìyẹn.

Sájẹ́ǹtì tó ti ń tẹ́tí sílẹ̀ lẹ́yìn wọn ní òun ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà, pé òtútù ló mú bátìrì. Awòfín ní oòrùn ọjọ́ Sátidé yan gbogbo èèyàn bí àgbàdo, kó lọ wá ìdí míì.

*

Nígbà tí wọ́n gbé Baba Oníbátìrì jáde sí ẹ̀yìnkùlé àgọ́, ohun tí Awòfín kọ́kọ́ sọ fún un ni pé ọmọ rẹ̀ ò jí bátìrì kankan gbé, ọmọ náà sì rò pé bàbá òun ló ka mítà sódì. Ọkùnrin náà fọwọ́ bojú. Èjìká rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ó mí bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

"Ẹ jẹ́ kí n rí bátìrì náà," ló wí.

Wọ́n mú un jáde látinú àpò ẹ̀rí. Baba ò tiẹ̀ wo nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀. Ó yí ìdí rẹ̀ sókè, ó fi ìka pa á, ó tún gbé e sún mọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Èyí kì í ṣe Keje."

Ó ṣàlàyé fún wọn. Gbogbo ìgbà tí bátìrì kan bá ti òfuurufú dé, òun máa ń fa ìlà funfun kan sí ìdí rẹ̀, kí òun lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Keje ṣì kéré, ìlà mẹ́rìnlá ló ní. Èyí tó wà lọ́wọ́ òun, wọ́n ti fi abẹ ha ìdí rẹ̀, ó mọ́ fée. Nọ́ńbà ojú ẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ. Ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe, nítorí ta ló tún ń wo ìdí bátìrì yàtọ̀ sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀?

"Àmọ́ mítà sọ pé ó kún," ni Sájẹ́ǹtì wí.

"Ọ̀gá mi, aláìsàn lè dìde kí yín pé ẹ káàárọ̀. Ẹ gbé ẹrù lé e lórí, ẹ ó rí i."

Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi hàn wọ́n. Sájẹ́ǹtì lọ gbé ṣájà àti mítà wá láti ilé Baba, ó sì tú gílóòbù iwájú kúrò lára ọkọ̀ àgọ́ tó ti kú sẹ́yìn ilé. Baba gbé bátìrì náà sínú garawa iyanrìn, ó ní kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn nítorí èyí tó bá ti fara gbọgbẹ́ lè bú gbàmù mọ́ni lójú. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró. Láàárín àkókò náà, Awòfín wo aago rẹ̀ débi pé Sájẹ́ǹtì ní ojú aago náà yóò họ.

Nígbà tó gbaná tán, Baba fi mítà kàn án. Ó kún dẹ́nu. Ó wá so gílóòbù mọ́ ọn. Iná tàn yòò, Sájẹ́ǹtì sì fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ kí Awòfín tó ka ogún, iná náà ti pọ́n, mítà sì ti wálẹ̀ kọjá ìdajì. Baba yọ wáyà. Ó dúró, ó ń wo garawa náà, ojú rẹ̀ sì ṣú.

"Mo mọ̀ ọ́n," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kìíní ni. Bátìrì àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ ní. Ó ti lé ní igba ìlà kí n tó fẹ̀yìn rẹ̀ tì."

"Kí lẹ máa ń ṣe fún èyí tẹ́ ẹ bá ti fẹ̀yìn rẹ̀ tì?"

"Mo máa ń rẹ ẹ́ sínú omi oníyọ̀ títí yóò fi kú pátá, màá wá gé wáyà rẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bátìrì kíkún gan-an, tí a ò bá fò lọ́jọ́ yẹn, a gbọ́dọ̀ jẹ́ kí agbára rẹ̀ jò dé ìdajì ká tó gbé e pamọ́, kó má bàa wú kó jó ilé." Ó kó iyanrìn bo bátìrì náà. "Ẹnì kan bẹ̀ mí lórí Kìíní. Ó ní òun fẹ́ máa fi tan fìtílà ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwó òun. Ọ̀rẹ́ mi ni, mi ò gé wáyà rẹ̀."

Kò fẹ́ dárúkọ. Awòfín ló bá a dá a. Nígbà tí Baba gbọ́ "Mọ́kànlá" létí ara rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Sájẹ́ǹtì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló máa ń dẹ pàkúté fún ojú ara rẹ̀? Àti pé ta ló mọ̀ bóyá Baba ò gbé Kìíní náà fún ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣì í gbé? Inú bí Awòfín sí i, àmọ́ kò lè sọ pé ó purọ́. Bí adájọ́ ṣe máa wí náà nìyẹn. Tí wọn ò bá rí Keje gan-an kó tó di aago méjì, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlẹ́wọ̀n lásán ni gbogbo rẹ̀. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà náà.

*

Aránṣọ ni ìyàwó Mọ́kànlá. Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé wọn, ni Awòfín bá a, ó ń rán aṣọ ilé ìwé bí ẹni ń bá aṣọ náà jà. Obìnrin náà ò kí i dáadáa. Ó ní ṣé wọ́n ti fi ẹni tó fọ́ ojú ọkọ òun sílẹ̀ ni?

Awòfín ò mẹ́nu kan bátìrì. Ó béèrè bí ara ọkọ rẹ̀ ṣe rí, ó béèrè bóyá ó ń jẹun, ó wá béèrè ohun tó kọ́kọ́ sọ nígbà tó lajú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

"Ẹ dákẹ́, màámi," ni obìnrin náà wí, ó sì dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. "Èmi rò pé orí rẹ̀ ti dà rú ni. Kò béèrè ojú. Ó ní kí n sáré wálé, kí n tú báàgì òun tí wọ́n gbé dé láti pápá, pé màá rí nǹkan dúdú kan tí wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ wé. Ó ní kí n so ó mọ́ fìtílà yẹn, kí n jẹ́ kó máa tàn títí ọwọ́ mítà ara rẹ̀ á fi dé ìdajì, kí n tó gbé e sínú agolo iyanrìn níta."

"Ẹ ò bi í léèrè pé kí ló dé?"

"Mo bi í. Ó ní tó bá wà ní kíkún bẹ́ẹ̀, ó lè wú kó bú gbàmù, pé èmi nìkan ni mo ń sùn nílé. Ọ̀sán gangan ọjọ́ Àìkú ni mo fi ń tan fìtílà bí wèrè."

Agolo náà wà lábẹ́ ìbòòrùn ṣọ́ọ̀bù. Awòfín gbọn iyanrìn dànù lára ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì yí i padà. Ìlà funfun ló wà nídìí rẹ̀. Ó fi èékánná kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún wọn kà. Mẹ́rìnlá ni.

Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Obìnrin náà ti dìde, ó ń wo ojú Awòfín, ẹ̀rù sì ti ń bà á. Àánú rẹ̀ ṣe Awòfín gidigidi. Ó ní kó bá òun ti ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n jọ máa lọ sí ọsibítù, nítorí ohun tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ sọ, ó sàn kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

*

Mọ́kànlá fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, báńdéèjì bo ìdajì ojú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ sẹ́. Ó ní ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ojú ara rẹ̀? Awòfín gbé agolo lé orí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́bàá ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó, ó sì wo ìyàwó rẹ̀ tó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún un pé kó jẹ́ kí agbára rẹ̀ jò dé ìdajì," ni Awòfín wí. "Olè lásán, á jí nǹkan, á gbé e pamọ́, á gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yin ò lè gbàgbé. Ojú kan ti lọ, ara ń ro yín, síbẹ̀ bátìrì kíkún tó wà nílé tí ìyàwó yín ń sùn ló jẹ yín lọ́kàn. Ẹni tó mọ bátìrì nìkan ló ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ẹ rán Àṣá níṣẹ́ kó lọ gbé bàlúù, ẹ gbé Keje sínú báàgì, ẹ sì gbé Kìíní fún un. Mítà ò lè tú yín fó, torí pé kò sẹ́rù lórí Kìíní nígbà náà."

Ọkùnrin náà fi ìka ti agolo náà sẹ́yìn díẹ̀. Sájẹ́ǹtì tó bá wọn wá wo aago, Awòfín sì fojú sọ fún un pé kó sinmi.

"Mo rò pé inú koríko ló máa já sí," Mọ́kànlá wí nígbẹ̀yìn. "Ibẹ̀ ni ti gbogbo èèyàn ń já sí. Mi ò mọ̀ pé ó máa gbìyànjú láti gbé e padà wá sídìí tábìlì."

"Kí ni ọmọ náà ṣe yín?"

"Kò ṣe mí ní nǹkankan." Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń jẹ́ Mọ́kànlá. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí, ẹ bi ìyàwó mi bóyá ó ti pè é rí. Lóṣù tó kọjá, àwa méjì péré la wà ní pápá, mo ń ka ìṣẹ́jú fún un. Méjìlá ló fi fò, ohùn ẹ́ńjìnnì ò yí padà. Mo sọ fún un pé mẹ́wàá ni. Tó bá wá ṣe é lójú gbogbo ayé, kí ni wọ́n á máa pè mí?"

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mọ́kànlá gbójú kúrò lára rẹ̀, ó bi Awòfín pé ìṣẹ́jú mélòó ni Àṣá fi fò ní Sátidé kí bàlúù tó já.

"Mẹ́fà."

"Lórí Kìíní?" Ó gbìyànjú láti dìde jókòó. "Kò ṣeé ṣe. Èmi fúnra mi ò lè rí mẹ́ta lára rẹ̀."

"Fídíò rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

Ó padà fẹ̀yìn lélẹ̀. Omi ń jáde lójú tó kù, kò sì nù ún. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sí Sájẹ́ǹtì, ó ní kó mú bírò wá.

*

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tú Baba Oníbátìrì sílẹ̀. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ni Awòfín ti ro gbogbo rẹ̀ fún bàbá àti ọmọ, kò sì fi ìkankan pamọ́, àti Kìíní, àti ìṣẹ́jú méjìlá. Baba di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń tún un sọ pé kì í ṣe ọwọ́ yìí, kì í ṣe ọwọ́ yìí. Àṣá ò sunkún mọ́.

"Mi ò lè lọ wò ó lónìí," ni Baba wí. "Bóyá lọ́la. Mi ò mọ̀."

Àṣá gba ọwọ́ rẹ̀ padà jẹ́jẹ́, ó dìde, ó béèrè nọ́ńbà yàrá tí Bàbá Mọ́kànlá wà. Awòfín bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀.

"Mo fẹ́ kí wọ́n fi ojú kan tó kù wò mí, mà," ló wí, "kí wọ́n sì ka ìṣẹ́jú mi fún mi bó ṣe rí gan-an."